Èwo nínú MOF tó ń tàn ni kí ẹ ṣe? Ìfiwéra fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì wá bá mi nílé ní Under-G. Ó kúnlẹ̀ kí mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ní kí n ṣe MOF tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo ti ka ìwé títí orí ń fọ́ mi. Èwo gan-an ni kí n mú?" Mo ní kó jókòó, mo bi í ní ìbéèrè kan: "Ófùnù tí o fẹ́ lò, wákàtí mélòó ló lè fi gbóná kí iná tó lọ?" Ó ronú díẹ̀. "Tó bá ṣe dáadáa, mẹ́fà." Mo ní, "Ó dáa. A ti yọ ọ̀kan kúrò nìyẹn."

Òun ni mo kọ èyí fún, àti ẹnikẹ́ni tó bá wà nírú ipò rẹ̀, ì báà jẹ́ ní LAUTECH níbí, ì báà jẹ́ ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ibi tí iná kì í lọ, tí afẹ́fẹ́ yàrá sì gbẹ, ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹ máa rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó rọrùn fún wọn lè há wa lọ́rùn, ohun tí wọ́n sì fojú fò lè jẹ́ èyí tó máa gbè wá.

Fún ẹni tí kò tíì mọ MOF: ilé tíntìntín ni, tí a fi irin àti kábọ́ọ̀nù kọ́. Irin ló wà ní igun, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù ló so igun kan mọ́ èkejì, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọparun àti okùn hun kéèjì ẹyẹ. Inú kéèjì náà ṣófo, nǹkan mìíràn lè wọ ibẹ̀ lọ gbé. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fún Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2025. Tí MOF bá máa tàn, ibi mẹ́ta ni ìmọ́lẹ̀ ti lè wá: láti igun, láti ọ̀pá, tàbí láti ara àlejò tó gbé inú ihò. Ibi tí ẹ bá mú ló máa sọ iye tí ẹ máa ná, ófùnù tí ẹ máa nílò, àti bóyá ohun tí ẹ ṣe máa rí òjò já.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè èyí tó tàn jù. Ìkẹyìn ni mo fi ìyẹn sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ẹ lè ṣe é parí níbí: iye wákàtí tó fẹ́ gbóná, kẹ́míkà tó fẹ́, bóyá ẹ lè rí i rà tàbí ẹ lè fúnra yín ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rinrin. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún omi, MOF mìíràn ò sì lè fara da omi rárá. MOF-5 tí gbogbo ìwé ń dárúkọ, tí Yaghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1999, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán ló ń wó o. Ẹni tó bá ṣe é nígbà ọyẹ́ lè rò pé òun ti ríṣe. Kí oṣù kẹfà tó dé, lẹ́búlẹ́bú mìíràn ló wà nínú ìgò.

Ẹ tún bi ara yín pé ṣé ihò wà nínú ohun tí ẹ ṣe lóòótọ́. Màá padà sórí ìyẹn, torí ó ti kó àwọn ènìyàn sí wàhálà níwájú ọ̀gá wọn. Bákan náà, fìtílà wo lẹ ní? Èyí ni wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu ohun tí ojú yín máa rí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú irin kan kúrò nílẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ lẹ ń wá, ẹ má fi copper ṣe igun. HKUST-1 tí wọ́n fi copper ṣe rẹwà, àwọ̀ búlúù rẹ̀ wuni, ṣùgbọ́n irú copper tó wà nínú rẹ̀ máa ń gbé agbára tí ọ̀pá bá gbà mì, kò ní jẹ́ kó di ìmọ́lẹ̀. Zinc àti zirconium kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí igun ilé máa tàn: terbium àti europium

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọkàn mi wà.

Terbium máa ń tan àwọ̀ ewé, ní nǹkan bí 545 nánómítà (ìwọ̀n tí a fi ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́). Europium máa ń tan pupa, ní nǹkan bí 615. Àjèjì kọ́ ni wọ́n nílé wa: àwọn méjèèjì wà lára ohun tí wọ́n fi kun inú gílóòbù energy saver tí gbogbo wa lò kí LED tó gbòde. Ìmọ́lẹ̀ wọn mọ́ gan-an, kì í fẹjú bíi ti aró. Tóóró ni ìlà rẹ̀ máa ń rí lórí ẹ̀rọ. Ó tún máa ń pẹ́ kó tó kú, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí ti aró kì í ju ìdá bílíọ̀nù mélòó kan lọ.

Àléébù wọn ni pé wọn ò mọ bí a ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára. Ẹ lè tan fìtílà sí terbium títí, díẹ̀ báyìí ló máa gbà. Ọ̀pá kábọ́ọ̀nù ló ń bá a gbà á, tó sì ń gbé e fún un, bí ẹ̀gbọ́n tó ń gba oúnjẹ lórí àwo tó ga kó tó gbé e fún àbúrò. Nítorí náà, ọ̀pá tó bá terbium mu lè má bá europium mu. Terephthalic acid àti trimesic acid bá terbium ṣe dáadáa.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Inú ike omi tí ẹ ń rí nínú gọ́tà ní Tàkíé ni terephthalic acid wà. PET ni ike yẹn. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sè é nínú omi kọ́stíìkì sódà fún wákàtí mélòó kan, ìyẹn sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń lò. Gáàsì lè ṣe é, kò dìgbà tí iná bá wà. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wá rọra da hydrochloric acid sí i. Terephthalic acid á sọ̀kalẹ̀, funfun báláú. Nínú ike 10 grámù, èyí tó pọ̀ jù tí ẹ lè rí ni nǹkan bí 8.6 grámù. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí iyọ̀ ara rẹ̀ lọ, ẹ sá a, kí ẹ wá fi sódà díẹ̀ tún un yọ́ sínú omi. Níbi yíyọ́ yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: tí sódà bá ṣẹ́kù nínú omi náà, terbium hydroxide ló máa sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe MOF. Ẹ fi pépà pH yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi sún mọ́ 7.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo da omi terbium nitrate sínú omi sodium terephthalate. Àwọn méjèèjì ò láwọ̀, wọ́n dà bí omi ẹ̀rọ. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ funfun bí ìgbà tí a da mílíìkì sómi. Mo fi í sílẹ̀, ó sìlẹ̀ bí ògì, omi orí rẹ̀ mọ́ gaara. Mo da omi náà nù, mo fọ ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a. Lálẹ́, mo pa gbogbo iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníPOS fi ń yẹ owó wò sí i. Kò sí nǹkan kan. Mo da díẹ̀ sínú ìgò, mo tún tàn án. Òkùnkùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iṣẹ́ ni mo rò pé ó ti wọmi.

Ọ̀gá kan tó ń kọjá lọ ló béèrè irú fìtílà tí mo ń lò. Ó lọ gbé èyí tí wọ́n fi ń wo àwo TLC (àwo tí a fi ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) wá, tó ní 254 nánómítà. Ó ní kí n da lẹ́búlẹ́bú náà sórí pépà ìsẹ́, kí n mú un kúrò nínú ìgò, torí gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí 254 kọjá. Ó tàn án. Àwọ̀ ewé bẹ́ jáde lórí pépà náà débi pé mo rí ìka ìbọ̀wọ́ mi nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Terephthalate kì í gba 365 tó nǹkan, ká má tíì sọ 395 tó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì pọ́ọ́kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá fìtílà 254 kí ẹ tó ra terbium. Ẹ má sì ṣe wò ó lójú kòrókòró, ó ń ba ẹyinjú jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ihò. Tí terbium àti terephthalate bá sọ̀kalẹ̀ nínú omi báyìí, terbium méjì sí ọ̀pá mẹ́ta, omi mẹ́rin ló máa ń bá wọn wá, tí wọ́n jókòó sórí terbium tí wọ́n sì dí àyè. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e gbóná kí omi náà lọ, kí ihò tó ṣí. Tí ẹ bá wá fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, omi á padà. Ti trimesic acid tún burú jù bẹ́ẹ̀: èyí tó máa ń tètè sọ̀kalẹ̀ nínú omi ní omi mẹ́fà lórí irin kọ̀ọ̀kan, bí okùn ló sì ṣe tò, kì í ṣe bíi kéèjì. Ó ń tàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe MOF oníhò. Tí ẹ bá fẹ́ kéèjì gidi, tí wọ́n ń pè ní MOF-76, ẹ máa lo DMF, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan tí a fi ń yọ́ nǹkan, ẹ ó sì gbé e sórí nǹkan bí 80 °C fún ọjọ́ kan. Kò burú kí ẹ ṣe èyí tí kò níhò, bí ẹ bá ṣáà ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀.

Omi yìí ló jẹ́ kí n fi terbium ṣáájú europium fún ìlú wa. Omi tó bá jókòó sórí irin máa ń jí agbára rẹ̀ lọ. Ó ń jí ti europium gan-an. Ti terbium ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn fún un láti jí, torí àlàfo tí agbára rẹ̀ ní láti fò ju ti europium lọ. Lóṣù keje, terbium á ṣì máa tàn.

Ní ti owó, terbium kì í ṣe ẹgbẹ́ zinc. Òkè òkun ló ti ń wá, orílẹ̀-èdè China ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù lọ láyé. Lóṣù kẹrin 2025, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kó terbium jáde lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún grámù tó fún ìgbà kan, nítorí náà grámù márùn-ún lè gbé iṣẹ́ àṣekágbá dé òpin. Ẹ dá a ra, ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Kí ọ̀pá máa tàn: UiO-66-NH2

Àwọn ará Oslo ló gbé UiO-66 jáde lọ́dún 2008, zirconium ló wà ní igun rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí mo ń sọ, òun ló lágbára jù. Omi ò rí i gbé ṣe, ásíìdì náà ò tètè mú un. Tí ẹ bá fi aminoterephthalic acid rọ́pò ọ̀pá rẹ̀ (amino yìí ni NH2 inú orúkọ náà), lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú lẹ máa rí, tó ń tan búlúù lábẹ́ 365. Fìtílà àyẹ̀wò owó tó jẹ́ 365 tòótọ́ ti tó.

Ìṣòro rẹ̀ ni ṣíṣe. Ọ̀nà tí ìwé ń sọ ni DMF, 120 °C, wákàtí mẹ́rìnlélógún. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo kó ìkòkò irin mẹ́ta sínú ófùnù lálẹ́; ní wákàtí kẹsàn-án, iná lọ, kò sì padà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ohun tí mo bá nínú ìkòkò dà bí omi ẹ̀kọ. Ẹ̀rọ X-ray ò rí kírísítà kankan nínú rẹ̀. DMF náà kì í ṣe nǹkan ṣeré: ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì léwu fún aboyún. Níbi tí kò bá sí kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣí i.

Tí ẹ bá takú pé òun lẹ fẹ́, ẹ má ra zirconium tetrachloride. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tí ẹ bá ṣí ìgò rẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, èéfín ásíìdì lá máa rú sí yín lójú. Zirconium oxychloride ni kí ẹ rà, afẹ́fẹ́ kì í ṣe é ní nǹkan, wọ́n sì ti ń fi òun, omi àti acetic acid ṣe UiO-66-NH2 láìlo DMF. Ẹ tún rántí pé terephthalic acid inú ike ò ní amino; UiO-66 tó bá ti inú rẹ̀ wá máa lágbára, ṣùgbọ́n ojú lásán ò ní rí ìmọ́lẹ̀ kan pàtó lára rẹ̀.

Àwọn ọ̀pá mìíràn wà tó ń tàn ju èyí lọ fíìfíì, bíi tetraphenylethylene, tí í tàn nígbà tí a bá há a mọ́ ojú kan. Owó rẹ̀ ga, ṣíṣe rẹ̀ nílé gba ìgbésẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ní owó ìwádìí láti ìta nìkan ni kó sún mọ́ ọn.

Kí àlejò máa tàn: aró nínú ZIF-8

Tí gbogbo ohun tí ẹ ní ò bá ju ife méjì àti ohun èlò ìrò lọ, ibí ni kí ẹ wá. Ẹ yọ́ zinc nitrate sínú methanol, ẹ yọ́ 2-methylimidazole sínú òmíràn, ìlọ́po mẹ́jọ ti zinc ní iye móólù, ẹ dà wọ́n pọ̀. Wákàtí kan, láìgbóná rárá, ZIF-8, MOF tí zinc wà ní igun rẹ̀, ti dé. Omi náà ṣe é lò dípò methanol, àmọ́ 2-methylimidazole tó máa gbà á pọ̀ gidi.

ZIF-8 fúnra rẹ̀ kò tàn tó nǹkan. Aró lẹ máa fi sínú rẹ̀, bíi rhodamine B. Ìdí tí ó fi yẹ kó wọlé ni pé aró tó bá kó jọ ara rẹ̀ kì í tàn. Lẹ́búlẹ́bú rhodamine lásán ṣú dùdù lábẹ́ fìtílà. Tí ẹ bá tú wọn ká sínú MOF, kálukú á dá wà, á sì tàn. Ẹnu ọ̀nà ZIF-8 ò ju 0.34 nánómítà lọ, rhodamine ò lè gba ibẹ̀ wọlé tí ilé bá ti dúró. Ìgbà tí ilé ń lọ lọ́wọ́ ni kí ẹ ti fi í sínú omi. Díẹ̀ ni kí ó jẹ́! Mo ti rí ẹni tó fi púpọ̀ sí i kó lè tàn dáadáa, tó wá rí i pé ńṣe ló ń ṣú.

Fífọ̀ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ fi methanol fọ̀ ọ́, ẹ tan fìtílà sí methanol tí ẹ dà jáde. Bí ó bá ṣì ń tan olómi ọsàn, aró ara ògiri lẹ ṣì ń fọ̀, kì í ṣe ti inú ilé. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ títí omi ìfọ̀ á fi dákẹ́. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó ní ó ti tó, aró á máa jáde sínú omi tó bá fẹ́ yẹ̀ wò lọ́la, á sì máa rò pé MOF òun rí nǹkan.

Àléébù mẹ́ta: oòrùn máa ń mú aró ṣá, bí ó ṣe ń mú ankara tó pẹ́ lórí okùn ṣá. Ásíìdì sì ń yọ́ ZIF-8 kíá. Omi tó bá ní phosphate náà ń jẹ ẹ́. Ìgbà tó jẹ́ ìlú máńgòrò lèyí, ẹ lè fi carbon dots, ìyẹn èérún kábọ́ọ̀nù tíntìntín tó ń tàn, tí a sè láti ara èèpo máńgòrò rọ́pò rhodamine. Búlúù ló sábà máa ń tàn, kì í tètè ṣá, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ìkòkò irin ní nǹkan bí 180 °C fún wákàtí mélòó kan.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gílóòbù, kó dúró ná. Gílóòbù LED funfun tó wà lọ́jà, ìmọ́lẹ̀ búlúù tó kọjá lára YAG tó ní cerium, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú kan tó ń tan yẹ́lò, ló wà nínú rẹ̀. Ó rọ́jú gba ooru ọdún púpọ̀, MOF ò tíì lè bá a du ipò yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ omi wò, bí omi kànga tó ń fi ìpẹtà sílẹ̀ lára ike, terbium àti terephthalate lè ṣe é: irin (iron) inú omi máa ń mú ìmọ́lẹ̀ náà rẹlẹ̀. Kí ó ṣáà mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà, irin yẹn kì í fọwọ́ kan MOF rárá, ìmọ́lẹ̀ fìtílà ló ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó wọn ohun tí irin nìkan ń gbà, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí omi náà bá kan, kó má lo ZIF-8. Bí ó bá ní ásíìdì, UiO-66-NH2 ni, kó wá ibi tí sólà ti ń gbé ófùnù.

Ẹni tó bá fẹ́ yíǹkì ìdáàbòbò tàbí àwọ̀ tó lè yí padà, kó po terbium àti europium pọ̀ sínú ilé kan náà. Ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà wọ́n lè pín igun láìjà. Europium díẹ̀ ti tó, torí terbium á máa gbé agbára fún un. Ewé á di yẹ́lò, yẹ́lò á di pupa.

Ẹni tó ní oṣù méjì péré, tí kò ní ófùnù, kó ṣe rhodamine nínú ZIF-8, kó sì fọ̀ ọ́ dáadáa.

Àbúrò mi mú terbium. Ó ti yá fìtílà 254 ná, ó wá ń ṣa ike. Lánàá ó gbé àpò kan wá fi hàn mí. Mo ní kó yọ àwọn aláwọ̀ ewé kúrò, kó ṣí ìdérí gbogbo wọn, torí ìdérí kì í ṣe PET.